Kọ̀rọ̀ pálọ̀ ni mo máa ń wò

Bí mo bá wọ pálọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, kì í ṣe tẹlifíṣọ̀n ni ojú mi kọ́kọ́ ń lọ bá, kì í sì í ṣe àga. Kọ̀rọ̀ ni. Ibi tí ògiri méjì ti pàdé, nísàlẹ̀ lórí táìlì àti lókè lábẹ́ àjà, ibẹ̀ ni mo ti ń mọ irú káfíńtà tó ṣe ilé yẹn. Láàárín ògiri, kò sí ẹni tí kò lè kan igi kó gún. Igi náà ti gún kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Igun ni ọ̀rọ̀ wà. Igun ló ń fi ẹni tó kọ́ṣẹ́ dópin hàn yàtọ̀ sí ẹni tó tètè ṣe fíríìdọ́ọ̀mù nítorí pé àpò ìyá rẹ̀ gba ti ìrẹsì àti mínírà.

Iṣẹ́ kan wà lọ́wọ́ mi báyìí ní Akóbọ̀, n'Ìbàdàn níbí, tó jẹ́ kí n fẹ́ kọ èyí sílẹ̀. Mọ́mì tó ni ilé rí àwòrán yàrá kan lórí Instagram: síkátìn onígi ní ẹsẹ̀ ògiri, kọ́níìsì onígi lókè níbi tí gbogbo ayé ti ń lo POP, àti bídìn, igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní ọnà, tí wọ́n kàn mọ́ ara ògiri ní onígunmẹ́rin onígunmẹ́rin, bí ẹni fẹ́ gbé fọ́tò sínú rẹ̀ tó gbàgbé. Wọ́n gbé fóònù náà sún mọ́ mi lójú.

"Káfíńtà, bó ṣe wà níbí yìí gan-an ni mo fẹ́ ẹ o. N kò fẹ́ rí ojú àpá kankan."

"Ẹ má ṣèyọnu, mà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wọn igun ilé ná."

"Igun kẹ̀? Ṣebí igun ni igun ń jẹ́."

Gbogbo ènìyàn ló rò bẹ́ẹ̀, àwọn káfíńtà mìíràn náà rò bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé igun yàrá jẹ́ 90 dígírì, kí a gé orí igi kìíní ní 45, kí a gé ti èkejì ní 45, kí wọ́n sì pàdé; máítà là ń pè é. Ìṣirò náà kò lẹ́bi. Ilé ni kò tẹ̀lé e. Ẹ wo bí ògiri wa ṣe ń di ògiri. Bíríkìlà á to búlọ́ọ̀kù. Bó bá mọṣẹ́, á fi okùn tọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á rẹ́ ẹ, wọ́n á fi pákó gígùn fà á kó lè tẹ́jú. Pákó yẹn kì í ráyè wọ kọ̀rọ̀ dáadáa. Orí rẹ̀ á máa gbá ògiri kejì, sìmẹ́ńtì á kó jọ síbẹ̀, pàápàá nísàlẹ̀ níbi tí ẹni tó ń rẹ́ ògiri ti bẹ̀rẹ̀ títí tí ẹ̀yìn ti ń dùn ún. Pẹ́ńtà á tún dé, á fi skríìdì lé e. Tirẹ̀ náà á nípọn níbì kan, á fẹ́lẹ́ níbòmíràn. Igun tó jẹ́ 90 nígbà tí búlọ́ọ̀kù ṣì wà ní ìhòòhò ti di 92 tàbí 88 kí n tó gbé ayùn mi dé. Igun kan náà lè pé 90 ní déédéé ìbàdí ènìyàn, kó jẹ́ 93 ní ẹsẹ̀ ògiri.

Ìdí nìyẹn tí n kì í fi í wọn igun níbi tó bá rọ ẹ̀yìn mi lọ́rùn. Bó bá jẹ́ síkátìn ni mo fẹ́ kàn, màá kúnlẹ̀. Bó bá jẹ́ kọ́níìsì, màá gun àkàbà.

Àwọn bíríkìlà ní ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń tọ́ ìpìlẹ̀, mo sì ti yá a lọ́wọ́ wọn tipẹ́. Láti inú kọ̀rọ̀, ẹ wọn ẹsẹ̀ bàtà 3 lára ògiri kan, kí ẹ sàmì sí i. Ẹ wọn ẹsẹ̀ bàtà 4 lára ògiri kejì, kí ẹ sàmì síyẹn náà. Bí igun bá pé 90, láti àmì sí àmì á jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 5 géérégé. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń dúró sí: "kò pé" tàbí "ó pé." Ṣùgbọ́n ohun tó lé tàbí tó dín yẹn gan-an ni iṣẹ́ wà. Bó bá fi ìdajì ínṣì lé sí 5, igun náà ti fi dígírì 1 ṣí ju bó ṣe yẹ lọ. Bó bá fi ínṣì 1 lé, dígírì 2 ni. Bó bá dín, ó ti pa mọ́ra ní ìwọ̀n kan náà. Kọ̀rọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ní pálọ̀ Mọ́mì fún mi ní ẹsẹ̀ bàtà 5 àti ínṣì 1. Igun 92 nìyẹn.

Ìdajì 92 ni 46. Ẹ má sáré lọ gbé ẹ̀rọ sí 46 o. Ẹ̀rọ máítà, ẹ̀rọ ayùn tí a ń yí sí dígírì tí a bá fẹ́ gé, ń ka dígírì láti ibi gígé tó gún. Gígé tó gún ló ń pè ní 0. Nítorí náà ẹ yọ 46 kúrò nínú 90, ó ku 44, 44 ni ẹ ó gbé e sí. Igun tó bá ṣí ju 90 lọ, nọ́ńbà orí ẹ̀rọ á dín sí 45. Èyí tó bá pa mọ́ra, nọ́ńbà rẹ̀ á lé. Mo ti rí ẹni tó mọṣẹ́ dáadáa tó sì ń yí i sí ìdàkejì, tó wá ń bínú sí ẹ̀rọ pé kò ka nọ́ńbà dáadáa.

Dígírì méjì kò jọ nǹkan kan lẹ́nu. Lórí síkátìn tó nípọn tó mìlímítà 18, àlàfo tí yóò ṣí kò tó mìlímítà 1, ọ̀dà lè bò ó. Ṣùgbọ́n lórí igi pẹlẹbẹ tó fẹ̀ tó ínṣì 4, irú èyí tí a fi ń yí fírémù ilẹ̀kùn ká, ẹnu rẹ̀ á là tó mìlímítà 5. Aáyán á wọlé láìbẹ̀rẹ̀.

Níbi tí ọ̀rọ̀ bá dé yìí ni wọ́n ti máa ń na ọwọ́ sí sílíkóònù, tàbí kí wọ́n po èérún igi tó kúnná mọ́ gọ́ọ̀mù funfun, kí wọ́n fi dí i. N kò ní í purọ́, ó máa ń jọjú lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ gbowó. Ẹ jẹ́ kí ọyẹ́ ó fẹ́ ná. Ní oṣù kejìlá sí oṣù kìíní, nígbà tí ètè gbogbo wa bá ń bó, igi náà ń gbẹ. Ohun tó sì yẹ kí oníṣẹ́ mọ̀ nípa gbígbẹ igi ni pé ìbú rẹ̀ ló ń sún kì, gígùn rẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà rárá. Bí ìbú bá dín tí gígùn kò dín, igun 45 tí ẹ gé kì í ṣe 45 mọ́. Ẹ lọ wo igi tó yí ilẹ̀kùn ká nínú ilé yín nígbà ọyẹ́: ṣóńṣó ìta á ṣì fara kanra, inú lọ́hùn-ún níbi tó sún mọ́ ilẹ̀kùn ni ẹnu á ti yà. Ohun tí ẹ fi dí i á ti já sílẹ̀, tàbí kó lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan, kó fi èkejì sílẹ̀.

Nítorí náà, igi kọ́kọ́ ń bá wa gbélé ná. Arẹ̀rẹ̀ ni mo rà ní Bódìjà fún iṣẹ́ yìí. Arẹ̀rẹ̀ fúyẹ́, àwọ̀ rẹ̀ mọ́, ìṣó kì í tètè là á, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ yíwọ́ bó bá ti gbẹ. Àbùkù rẹ̀ ni pé ó rọ̀. Bí ọmọ bá fi kẹ̀kẹ́ gbá síkátìn, ojú ibẹ̀ á wọnú. Mọ́mì bèèrè ìrókò. Mo ní owó ìrókò wà, mà, ṣùgbọ́n ohun tí a fẹ́ kun ní ọ̀dà funfun, kí ni ìrókò ń wá níbẹ̀? Wọ́n rẹ́rìn-ín. A tò ó sórí igi tẹ́ẹ́rẹ́ nínú pálọ̀ náà gan-an kí atẹ́gùn lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, kò sì sí ẹni tó fọwọ́ kàn án títí ó fi gbẹ dé ìwọ̀n ilé náà. Ọmọ iṣẹ́ mi rò pé iṣẹ́ ni mo fi ń falẹ̀.

Ó yá, kọ̀rọ̀, ìyẹn igun tó kọjú sínú. N kì í gé máítà níbẹ̀. Mo mọ̀ pé èyí á bí àwọn kan nínú. Máítà ni wọ́n kọ́ mi, máítà ni ọ̀gá mi ń gé títí wọ́n fi gbé ayùn sílẹ̀, Ọlọ́run á fọ̀run kẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó gé máítà sínú kọ̀rọ̀ ń bẹ ògiri ni, kó jọ̀ọ́ kó jẹ́ 90. Kópìn, ìyẹn kí a gé orí igi kan kó bá ojú ọnà igi kejì mu, kì í bẹ ògiri.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Igi àkọ́kọ́, ẹ gé orí rẹ̀ kó gún, ẹ tì í wọ kọ̀rọ̀ títí yóò fi kan ògiri, ẹ kàn án mọ́bẹ̀. Ó ti parí. Igi kejì ló ni wàhálà. Ẹ kọ́kọ́ gé e ní 45 bí ẹni pé máítà lẹ fẹ́ ṣe, kí ojú ibi tí ayùn gbà lè máa wò yín. Etí ibi tí ojú igi tó ní ọnà ti pàdé ojú tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gé yẹn ti ya àwòrán ọnà náà fún yín, gbogbo kòtò rẹ̀ àti òkè rẹ̀. Mo máa ń fi ẹ̀gbẹ́ pẹ́ńsùlù ra etí náà kó lè dúdú. Ayùn kópìn, ayùn tín-ín-rín tí wọ́n fà sínú irin tó tẹ̀ kọrọdọ, ni màá wá mú. Màá máa tẹ̀lé ìlà dúdú yẹn, màá sì da ayùn náà díẹ̀ kó lè máa jẹ ẹ̀yìn igi ju iwájú lọ. N kì í kánjú. Níbi tí ọnà bá ti yípo, màá kúrò lára ìlà, màá gé ìdọ̀tí tó wà lọ́nà dànù, màá tún padà wá láti ìhà kejì, nítorí irin kópìn kò lágbára; bí ẹ bá fipá yí i lójú kan, á já.

Ohun tó kù lẹ́yìn ìyẹn ni etí kan tó tín-ín-rín, tó ní àwòrán ojú igi àkọ́kọ́ nínú. Sáńdípépà tí a yí mọ́ pẹ́ńsùlù ni mo fi ń tọ́ ibi tó wọnú sí. Ẹ gbé e pàdé ojú igi tó wà lára ògiri. Bó bá ti wọlé, ẹ ó mọ̀: igi á dúró fúnra rẹ̀, ọwọ́ yín kò ní í di í mú mọ́. Bóyá igun jẹ́ 88 tàbí 93, kò kan igi kejì mọ́, ojú igi àkọ́kọ́ ló gbára lé. Bí ọyẹ́ bá sì mú igi méjèèjì kì díẹ̀, ohun tó máa hàn kò ju ìlà irun lọ, kò ní í jẹ́ ihò tó dúdú tó ń wo ènìyàn.

"Ọ̀gá, bí a bá fi ẹ̀rọ gé e ní 44, ṣé kò ní í yá ju èyí lọ?"

"O ti wọn kọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ dáínì?"

"Rárá, sà."

"Ti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ńkọ́?"

Ó gbé kópìn. Ọmọ dáadáa ni, ìkánjú ni tirẹ̀.

Ibi tí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ nínú yàrá náà ṣe pàtàkì. Ẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ wo ògiri tó kọjú sí yín. Igi ti ògiri yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ kàn, kí orí rẹ̀ méjèèjì gún, kí wọ́n kan ògiri lọ́tùn-ún lósì. Àwọn igi ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ fi kópìn gé wá bá a. Bí àlàfo kékeré bá tilẹ̀ wà, ẹni tó ń ti ẹnu ọ̀nà bọ̀ kò lè rí i, nítorí ara igi ẹ̀gbẹ́ ló máa bò ó lójú rẹ̀. Igi tó bá sì gùn, ẹ fi bíi mìlímítà 1 tàbí 2 lé e, ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ láàárín kí orí méjèèjì lè wọ àyè wọn, kí ẹ wá tẹ àárín rẹ̀ mọ́ ògiri. Á fúnra rẹ̀ ti ẹnu méjèèjì pa.

Igun tó yọ síta kò gba kópìn. Ọwọ̀n kan wà láàárín pálọ̀ àti dáínì ní ilé yìí, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ló yọ síta, ojú gbogbo àlejò á sì máa bá a pàdé. Máítà ni níbẹ̀, n kò sì fi nọ́ńbà ṣe é rárá. Mo lẹ tépù bébà mọ́ táìlì yí ẹsẹ̀ ọwọ̀n náà ká kí pẹ́ńsùlù má ba ilẹ̀ jẹ́. Mo mú àjákù síkátìn náà, mo gbé e ti ojú ọwọ̀n kìíní kí orí rẹ̀ yọ kọjá igun, mo fa ìlà tẹ̀lé ojú rẹ̀ tó wà lóde. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ ní ojú kejì. Ìlà méjèèjì gba ara wọn kọjá níwájú igun. Láti ibi tí wọ́n ti gba ara wọn kọjá, mo fa ìlà padà sí ṣóńṣó igun. Ọ̀nà tí ayùn máa gbà nìyẹn, ì báà jẹ́ 43, ì báà jẹ́ 47. Mo fi bẹ́fẹ̀ẹ̀lì, skúeà tí ahọ́n rẹ̀ ń ṣí tó ń pa, gbé e láti ilẹ̀ lọ sórí ẹ̀rọ. Ẹni tí kò bá ní bẹ́fẹ̀ẹ̀lì, kó gé páálí kó bá igun náà mu, kó ká a sí méjì kí etí rẹ̀ méjèèjì bára mu. Ibi tó ti ká ni ìdajì.

Lórí ẹ̀rọ, mo máa ń fi ìdajì dígírì kún un fún igun òde. Ẹ̀yìn igi méjèèjì á ya díẹ̀ síra, kò sẹ́ni tó ń wo ẹ̀yìn; iwájú wọn á kọ́kọ́ fara kanra. Fún gígùn rẹ̀, n kì í gbára lé tépù. Mo máa ń gbé igi náà síbi tó máa wà gan-an, kí n fi pẹ́ńsùlù sàmì sí ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tí igun ògiri ti kàn án. Gọ́ọ̀mù á wà ní ojú méjèèjì, ìṣó tín-ín-rín kan láti ọ̀tún, òmíràn láti òsì. Bí ìlà kékeré kan bá ṣì kù, irin sukurudíráfà ni mo ń lò, kì í ṣe ẹnu rẹ̀, ara rẹ̀ tó yípo. Kí gọ́ọ̀mù tó gbẹ, mo máa ń fi tẹ etí igun náà láti òkè dé ilẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ kan, lẹ́yìn náà ní èkejì. Arẹ̀rẹ̀ rọ̀, okùn ara rẹ̀ á tẹ̀ wọnú àlàfo, á pa á dé. Ẹ fi sáńdípépà gbà á lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí Mọ́mì dé láti ṣọ́ọ̀bù, wọ́n fi èékánná wá ibi tí igi méjèèjì ti pàdé lára ọwọ̀n náà. Èékánná kò kọ́ nǹkan kan.

Kọ́níìsì ló ń da orí àwọn ènìyàn rú jù. Wọ́n ní ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Nínú àpótí máítà, àpótí tí a ń gbé igi sí kí a fi ayùn ọwọ́ gé e, orí kọ́níìsì gan-an ni a ń fi tẹlẹ̀. Ìsàlẹ̀ àpótí náà ni àjà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ògiri. Etí igi tó máa kan àjà ló máa dùbúlẹ̀ sísàlẹ̀, etí tó máa kan ògiri ló máa fẹ̀yìn ti ẹ̀gbẹ́. Bí ẹ bá yí i padà sókè tán, ohun tó wà lọ́tùn-ún á bọ́ sósì. Mo máa ń fi pẹ́ńsùlù kọ ÒKÈ gàdàgbà sẹ́yìn igi kọ̀ọ̀kan, nítorí ẹni tó wà lórí àkàbà kì í ronú dáadáa. Inú kọ̀rọ̀, kópìn náà ni. Ìlànà kan náà, ọnà rẹ̀ ló kàn ga jù.

Àwọn tó bá fẹ́ fi kọ́níìsì lélẹ̀ pẹrẹsẹ lórí ẹ̀rọ tó ń tẹ̀ síwá sẹ́yìn, nọ́ńbà ni tiwọn. Kọ́níìsì tó fẹ̀yìn ti ògiri ní 38, tó sì fi 52 dojú kọ àjà, máítà 31.6, kí orí ẹ̀rọ tẹ̀ ní 33.9. Èyí tó jẹ́ 45 sí 45, máítà 35.3, títẹ̀ 30. Igun 90 nìkan ni nọ́ńbà wọ̀nyí wà fún, ẹ sì ti gbọ́ ohun tí mo sọ nípa 90. Èmi ti lẹ̀ wọ́n mọ́ ara ẹ̀rọ mi. Ọjọ́ tí wọ́n bá mú iná lọ, tí epo jẹnẹrétọ̀ sì tán, àpótí máítà àti ayùn ọwọ́ kò bèèrè nọ́ńbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Mo máa ń jowú àwọn oní-POP. Jípúsọ́ọ̀mù tí wọ́n ti yan ní nǹkan bí 150 dígírì ti Celsius, tí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin omi inú rẹ̀ ti lọ, ni ìyẹ̀fun funfun yẹn. Ẹ da omi padà sí i, á tún le ní ìṣẹ́jú díẹ̀, dípò kó sún kì, ṣe ló máa ń wú díẹ̀ bó ti ń le. Nítorí náà bí ẹnu kọ́níìsì wọn kò bá pàdé ní igun, wọ́n á po POP tútù, wọ́n á fi dí i, wọ́n á fi ọbẹ kékeré tọ́ ọnà rẹ̀ kó tó dì. Ẹ̀tàn kọ́ nìyẹn ní tiwọn, nítorí ohun kan náà ni ohun tí wọ́n fi dí i àti ohun tí wọ́n dí. Èmi tó bá fi èérún igi dí ojú igi, ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo fi pa mọ́ra.

Àwọn Àgùdà tó padà wá sí Èkó láti Brazil náà mọ àǹfààní yìí. Bíríkìlà àti káfíńtà pọ̀ nínú wọn. Ẹ lọ wo Mọ́sálásí Shitta-Bey ní Erékùṣù Èkó, tí wọ́n ṣí ní 1894, tí João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú àwọn ará Brazil yẹn, kọ́. Ọnà tó wà lójú rẹ̀, ara ògiri ni wọ́n mọ ọ́n sí, wọn kò kàn án mọ́ ọn. Ọnà tí a bá fi ọwọ́ mọ nígbà tó ṣì tútù lè yí igun kọjá láìní ẹnu kankan. Àwọn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde àti Ìbàdàn wo àwòkọ́ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Bí mo bá ń kọjá lábẹ́ ọ̀kan, màá dúró, àwọn ọlọ́kadà á sì máa pariwo lé mi lórí.

Bídìn ara ògiri rọrùn lápá kan: igun inú fírémù kọ̀ọ̀kan kò ní ohun tí ó kàn án pẹ̀lú igun ilé, 45 lè jẹ́ 45 níbẹ̀. Ibi tó ti le ni àyè tó wà láàárín bídìn àti kọ̀rọ̀. Bí ẹ bá fi ínṣì 3 sílẹ̀ lápá ọ̀tún kọ̀rọ̀, ẹ fi 3 sílẹ̀ lápá òsì náà, nítorí ojú á máa fi wọ́n wéra. Bí kọ̀rọ̀ náà kò bá sì dúró ṣánṣán láti òkè dé ilẹ̀, bídìn tó dúró ṣánṣán lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á tú u láṣìírí. Ẹ sọ okùn olójé sílẹ̀ kí ẹ tó kan ohunkóhun. Ní kọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ dáínì, ògiri náà yẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ínṣì láàárín òkè àti ilẹ̀. Mo sún bídìn jìnnà sí i sí ínṣì 5. Àyè tó fẹ̀ ń gbójú fo ìdajì ínṣì. Àyè tó há kì í gbójú fo nǹkan kan.

Ibi tí síkátìn bá ti fẹ́ parí láìsí ògiri tó máa kàn, bíi ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí kò ní ilẹ̀kùn, ẹ má gé e kẹ́ẹ́ kí inú igi máa wo àlejò. Ẹ gé orí rẹ̀ ní máítà bí ẹni fẹ́ yí igun, kí ẹ gé ègé kékeré onígun mẹ́ta kan láti ara igi kan náà, kí ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ padà síbẹ̀ kí ọnà náà lè yípo wọ ògiri. Ìṣó kò lè wọ ègé yẹn, á là. Ẹ fi tépù bébà dì í mú títí gọ́ọ̀mù á fi gbẹ. Ẹ gé e kí ẹ tó gé igi gígùn kúrú, kí ìka yín má baà sún mọ́ ayùn nítorí ègé tí kò tó ọmọ àtàǹpàkò.

Yàrá àwọn ọmọ ló kù. Fèrèsé ibẹ̀ yọ síta pẹ̀lú igun 135 lọ́tùn-ún lósì. Ìdajì rẹ̀ 67.5, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 90, ẹ̀rọ á dúró sí 22.5, bí bíríkìlà bá ṣe ohun tó wà nínú pílánù, èyí tí n kò tíì fi okùn wọn. Mọ́mì ní àwọn fẹ́ kó parí kí Kérésì tó dé. Mo ní kò sí wàhálà, mà, kí wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ ká rí ìyókù owó pálọ̀.